Lẹ́tà sí Àdùkẹ́ tó ní òun ò ní wá síbi yìgì mi

Àdùkẹ́ mi, ọmọ Mọ́mì ẹ,

Mo gbọ́ fóìsì nóòtì tó o fi ránṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbọ́ ọ, ẹ̀ẹ̀kan nínú ọjà, ẹ̀ẹ̀kan níwájú àgbá tí mo ti ń yan ẹja, ìkẹta lóru nígbà tí oorun ò kùn mí. O ní ẹni ọdún 58 kí ló tún ń wá lọ́dọ̀ ọkùnrin, o ní ṣé mi ò lè jókòó jẹ́ẹ́ kí n máa gbé ọmọọmọ jó ni, o ní ìyá ọkọ ẹ bi ẹ́ pé "ẹlẹ́ẹ̀kelòó wá rèé?" ojú wá tì ẹ́ débi pé o ò lè fèsì. Kẹrin ni. Tí wọ́n bá tún bi ẹ́, sọ fún wọn pé kẹrin ni, èmi fúnra mi ni mo kà á.

Èmi ò lè ṣe fóìsì nóòtì padà, tí mo bá ti ń sọ̀rọ̀ sínú fóònù báyẹn àbí kí n sunkún àbí kí n bẹ̀rẹ̀ sí í bú ẹ, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ọmọ àbúrò mi wá bá mi tẹ̀ ẹ́, èmi ń sọ, òun ń tẹ̀, mo sì ti kìlọ̀ fún un pé kó má tún ọ̀rọ̀ mi ṣe. Mo ní kó jẹ́ lẹ́tà gbangba, ẹni tó bá wù kó kà á. Kò sí èyí tí ayé ò tíì sọ nípa mi tẹ́lẹ̀.

Bàbá ẹ ti kú, mi ò ní bú òkú. 1989 ni mo délé wọn, ọmọ ọdún 22 ni mí, mi ò mọ̀ ju kí n dáná kí n sì kúnlẹ̀ lọ. Ìwọ ò tíì pé ogójì ọjọ́ tí obìnrin kan fi gbé báàgì wọlé tó ní òun ni ìyàwó tuntun, kò sẹ́ni tó sọ fún mi tẹ́lẹ̀, ìyá bàbá ẹ tiẹ̀ ní kí n bá a gbé omi ìwẹ̀. Mo gbé e. Ọdún mẹ́ta ni mo fi gbé e kí n tó pọ̀n ẹ́ padà sílé bàbá mi ní Ẹ̀pẹ́ níbí, ni mo bá di ilémoṣú. O ò lè mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe ń dunni. Tí wọ́n bá ń bu ọbẹ̀ lálẹ́, mo máa ń dúró kí gbogbo ilé bù tán kí n tó na àwo tèmi. Ojútì yẹn ló jẹ́ kí n sáré wọlé ọkọ kejì, bàbá àbúrò ẹ ọkùnrin, torí pé mo fẹ́ kí wọ́n yé wò mí lójú. Ìyẹn, ọwọ́ ẹ̀ máa ń yá ju ẹnu ẹ̀ lọ. O rí eyín mi tó kán lápá òsì yìí. Ká fi síbẹ̀.

Ti ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni mi ò sọ fún ẹnì kankan rí. Gbogbo yín rò pé ó já mi sílẹ̀ ni. Rárá o, èmi ni mo jẹ̀bi. O rántí pé mo fi owó àjọ ra bọ́ọ̀sì fún un kó máa fi ṣiṣẹ́. Àdùkẹ́, látọjọ́ tí mo ti ra bọ́ọ̀sì yẹn mi ò jẹ́ kó gbádùn. Tó bá pẹ́, mo ní "ibo lo gbé bọ́ọ̀sì mi lọ?" Tó bá ra ẹran wálé, mo ní owó bọ́ọ̀sì mi ló fi rà á. Níbi ìsọmọlórúkọ ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹ̀, lójú àlejò, mo ní "ọkọ tí mo fi owó ara mi rà," mo rò pé àwàdà ni mò ń ṣe, àwọn kan tiẹ̀ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rí i bó ṣe rọra gbé ṣíbí ẹ̀ sílẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo, kò tún gbé e mọ́. Oṣù tó tẹ̀ lé e, ní 2014, mo jí, kò sí nílé. Kọ́kọ́rọ́ bọ́ọ̀sì wà lórí tábìlì, ó ti fọ bọ́ọ̀sì náà mọ́ tónítóní.

Láti ìgbà náà, èmi àti ẹja mi ni. O mọ orúkọ tí wọ́n ń pè mí lẹ́yìn ní ọjà Olúwo, wọ́n rò pé mi ò mọ̀. Ìyá Kòsọ́kọ. Ọjọ́ kan báyìí ni oníbàárà kan dé, àlejò tí ò mọ nǹkan kan, ó dúró ṣánṣán níwájú mi, ó ní "ẹ jọ̀ọ́, èwo ni Ìyá Kòsọ́kọ, wọ́n ní òun ló ní ọ̀bọ̀kún tó dáa." Gbogbo ìsọ̀ pa kẹ́kẹ́. Ọmọ tó ń bá mi ha ìpẹ́ fi ọwọ́ bo ẹnu. Bàbá Ọlọ́kọ̀ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ẹpìyà ni wọ́n wá rà, gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n máa ń wá. Wọ́n ní, "Ìyá, orúkọ ọba ni wọ́n fi ń pè yín o, ohùn ni wọn ò mọ̀ ọ́n gbé sókè." Wọ́n wá ń sọ fún àwa tá a wà níbẹ̀ nípa Ọba Kòsọ́kọ́, tí àwọn Òyìnbó fi ìbọn ńlá lé kúrò l'Ékòó ní 1851 tó wá sá wá sí Ẹ̀pẹ́ pẹ̀lú àwọn èèyàn ẹ̀, ìran àwọn yẹn sì ni Bàbá, Èkó-Ẹ̀pẹ́ pọ́ńbélé ni wọ́n, kò sí ọdún tí wọn kì í ṣe Káyókáyọ̀, ọdún tí wọ́n fi ń rántí wíwá Kòsọ́kọ́ sí Ẹ̀pẹ́. Wọ́n ní orúkọ àbíkú ni Kòsọ́kọ́, pé kò sí ọkọ́ tí wọ́n máa fi gbẹ́lẹ̀ sin ọmọ náà, kó bá wọn dúró. Wọ́n wá gba ẹja wọn, wọ́n ní, "Ẹ̀yin náà, ẹ dúró." Wọ́n bá lọ.

Ìwọ wò ó, mi ò tà dáadáa mọ́ lọ́jọ́ yẹn.

Ẹni ọdún 66 ni wọ́n, ìyàwó wọn ti kú, ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ń kàn ní etí ọ̀sà, etí wọn òsì ò gbọ́ràn dáadáa mọ́ látàrí òòlù àti ẹ́ńjìnnì, apá ọ̀tún ni mo máa ń jókòó sí. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo dé ibi iṣẹ́ wọn, inú ọkọ̀ kan ni mo bá wọn, wọ́n ń fi irin pẹlẹbẹ ti òwú bọ àárín pákó méjì, díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n tó wá da ọ̀dà lé e. Mo ní ṣé pákó ò lè kàn fẹnu kò mọ́ra ni, wọ́n ní kò sí pákó tó máa ń fẹnu kò tán, àlàfo lá máa wà, ohun téèyàn fi dí i ni. Wọ́n ní pákó tí ò tíì gbẹ tí wọ́n bá fi ìkánjú kàn, tí oòrùn bá pa á ó máa là ni. Iṣẹ́ wọn ni wọ́n ń sọ o, kì í ṣe èmi ni wọ́n ń bá wí. Èmi ni mo gbọ́ nǹkan míì.

Títí dòní "ẹ" la máa ń pe ara wa. Ọkùnrin mẹ́ta ni mo fẹ́ ṣáájú, "ìwọ" ni gbogbo wọn pè mí. Oògùn ìfúnpá mi tí mo máa ń gbàgbé, wọ́n kan àpótí kékeré kan fún un, wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ "àárọ̀" sí ẹ̀gbẹ́ kan, "alẹ́" sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ṣọ́ọ̀kì yẹn máa ń parẹ́ tí mo bá fọwọ́ kàn án, wọ́n á tún un kọ.

Ó yá, jẹ́ kí n sọ èyí tó ò mọ̀. Nígbà tá a lọ bá Ààfáà, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni pé ṣé ọkọ mi àná kọ̀ mí ní tààràtà. Mo ní ó lọ ni. Wọ́n ní lílọ yàtọ̀ sí kíkọ̀, obìnrin tó bá ṣì wà lọ́rùn ọkùnrin kan ò lè so yìgì pẹ̀lú ẹlòmíì. Ọdún mọ́kànlá, Àdùkẹ́! Ni mo bá wá a kiri, mo gbọ́ pé ó wà ní Mushin. O rántí ọjọ́ Sátidé tó o pè mí tí mo ní mo wà lọ́jà? Irọ́ ni. Inú mọ́tò ni mo wà, mo ti Ìkòròdú kọjá, mo rí Agric níbi tí ilé ẹ wà lọ́ọ̀ọ́kán, mi ò yà, torí pé tí mo bá yà mi ò ní lè lọ mọ́.

Ìdí fọganáísà kan ni mo ti bá a, ó jókòó lórí táyà, ó ti rù. Ó rí mi, ó rẹ́rìn-ín, ó ní "ṣé bọ́ọ̀sì ṣì ń ṣiṣẹ́?" Mo ní mo ti tà á. Mo sọ ohun tó gbé mi wá. Mo ti di owó mọ́ ìdí ìró torí mo rò pé ó máa béèrè owó. Kò béèrè. Ó pe ọkùnrin méjì tó wà níbẹ̀ kí wọ́n wá ṣe ẹlẹ́rìí, ó ní òun kọ̀ mí, ó wá bi mí pé ṣé mi ò mú ẹja yíyan dání ni. Mo mú un dání, mi ò mọ ìdí tí mo fi mú un. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹ̀ nípa ọ̀rọ̀ ọjọ́ ìsọmọlórúkọ yẹn. Ó ní òun ò rántí. Ó rántí.

Obìnrin tí nǹkan oṣù ẹ̀ ti dúró, oṣù mẹ́ta ni iddah ẹ̀, ìyẹn ìgbà tó máa fi dúró kó tó lè fẹ́ ẹlòmíì. Oṣù mẹ́ta tó o sọ nínú fóìsì nóòtì pé mò ń fi nǹkan pamọ́ fún ẹ nìyẹn. Òótọ́ ni, mò ń ka ọjọ́ ni. Bàbá Ọlọ́kọ̀ ò sì tẹsẹ̀ bọ ìsọ̀ mi ní gbogbo ìgbà yẹn, ọmọ ni wọ́n ń rán wá ra ẹpìyà.

Ìyá ọkọ ẹ gan-an, tí wọ́n bá ń fi ẹ̀sìn bá ẹ sọ̀rọ̀, bí àwọn ààfáà ṣe máa ń sọ ìtàn yẹn, Khadijat ti lọ́kọ méjì kí wọ́n tó fẹ́ Ànọ́bì, Khadijat tún dàgbà ju Ànọ́bì lọ. Mi ò ní mo jọ Khadijat o, ràkúnmí ló ń gbé ọjà tiwọn lọ sí Ṣáámù, ilẹ̀ Síríà, tèmi, kẹ̀kẹ́ Márúwá ni.

Ó ku ọ̀rọ̀ ilé, èyí tí ìwọ ò dárúkọ ṣùgbọ́n tí àbúrò ẹ dárúkọ. Ilé oníyàrá mẹ́ta tí mo fi owó ẹja kọ́, ẹ̀yin mẹ́ta ni mo ti fi ta lọ́rẹ, mo pe ẹlẹ́rìí sí i, mo fọwọ́ sí ìwé, ìwé náà sì wà lọ́wọ́ àbúrò mi ọkùnrin tó máa ṣe walì, ẹni tó máa fà mí fún ọkọ. Torí Ààfáà ti là á yé wa pé tí mo bá kú, ìdá kan nínú mẹ́rin ohun ìní mi ló máa kan ọkọ, tí ọkọ bá sì kú, torí pé òun náà bímọ, ìdá kan nínú mẹ́jọ ni tèmi. Bàbá fúnra wọn ló ní kí n yanjú ilé yẹn kí yìgì tó so, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ilé ni wọ́n wá fẹ́. Wọ́n bi mí ohun tí mo fẹ́ fún sàdáákì, mo ní sólà, torí òru ni mo ń yan ẹja tí iná kì í sí. Wọ́n ti rà á. Kì í ṣe tòkunbọ̀.

Mi ò tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹ, mò ń pè ẹ́ ni. Ọjọ́ Jímọ́ọ̀ tó ń bọ̀, lẹ́yìn ìrun. Tó o bá ń bọ̀, tètè wọ mọ́tò ní gáréèjì Ìkòròdú, gba Ìtóìkín, kó o sì kó àwọn ọmọ dání. Ọ̀bọ̀kún ńlá mẹ́ta ni mo yà sọ́tọ̀ fún ọkọ ẹ. Tí o ò bá wá, màá fi rán awakọ̀ sí yín.

Èmi ni, Mọ́mì ẹ.

Àǹtí Àdùkẹ́, èmi tí mo bá wọn tẹ̀ ẹ́ rèé, wọn ò mọ̀ pé mo fi èyí kún un. Wọ́n ti rán aṣọ yín, ó wà lórí bẹ́ẹ̀dì wọn láti ọjọ́ Mọ́ńdè, wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sùn síbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ wá.