Bọ́mọ bá ń bì láràárọ̀, ẹ yẹ orí rẹ̀ wò

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Inú ọkọ̀ ni mo wà lọ́sẹ̀ tó kọjá tí ọkùnrin kan ní ọmọ tí wọ́n bá ti la orí rẹ̀, káwọn òbí rẹ̀ kàn máa ka ọjọ́ tó kù ni. Mi ò lè fèsì. Ọmọ tèmi tí wọ́n la orí rẹ̀ lọ́dún 9 sẹ́yìn ló jókòó tì mí, tó ń jẹ gúgúrú.

Ọmọ ọdún 6 ni nígbà náà. Ìdájí ló máa ń bì. Tó bá ti bì tán, ara á fúyẹ́, á mu ẹ̀kọ, á lọ síléèwé. Ilé ìwòsàn tí a kọ́kọ́ gbé e lọ tọ́jú ibà fún un lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n tún fi taifọ́ọ̀dù kún un. Àwọn kan ní aràn ni, àwọn kan ní iṣẹ́ ayé ni. Àfi láàárọ̀ ọjọ́ kan tí mo rí i tó ń fọwọ́ ra ògiri lọ sí balùwẹ̀, tó yasẹ̀ bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn, tó dorí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Oṣù 4 ti lọ.

Síkáànì, ìyẹn àwòrán inú orí tí wọ́n fi ẹ̀rọ yà, fi kókó kan hàn níhà ìpàkọ́, níbi tí ọpọlọ ti ń ṣètò ìrìn. Ó ti dí ojú ọ̀nà tí omi inú ọpọlọ ń gbà. Téèyàn bá sùn gbalaja mọ́jú, ìfúnpá inú orí á túbọ̀ le. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé àárọ̀ ló ń bì.

Medulloblastoma lorúkọ rẹ̀, irú jẹjẹrẹ ọpọlọ kan tó sábà máa ń mú ọmọdé. Olùkọ́ ni mí, mo wá ìtàn rẹ̀ kà. Lọ́dún 1930, Harvey Cushing, àgbà oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní Amẹ́ríkà, ròyìn àwọn 61 tó ní in: ẹnì kan ṣoṣo ló lò ju ọdún 3 lọ. Nígbà tó di 1953, àwọn dókítà ní Manchester fi hàn pé bí wọ́n bá ta ìtànṣán sí gbogbo ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ó ju ìdajì wọn lọ tó ń lo ọdún 3. Lónìí, níbi tí ìtọ́jú bá ti péye, nǹkan bíi ọmọ 7 nínú 10 ló ń kọjá ọdún 5. Mi ò ní tan ẹnikẹ́ni jẹ: irú kókó kan wà tó ń hù sínú ìdí ọpọlọ gan-an tí ọ̀bẹ ò lè yọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn. Kì í sì í ṣe òkè òkun nìkan ni wọ́n ti ń ṣe é. Láti 1962 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Látúndé Òdékù ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní UCH, n'Ìbàdàn wa níbí.

Ìtọ́jú náà fi àmì sílẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ti ga jù ú lọ, etí rẹ̀ kan ò gbọ́ dáadáa, ó máa ń pẹ́ kó tó kọ̀wé tán. Olùkọ́ kan pè é ní ọ̀dẹ̀ lójú kíláàsì. Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn ju ọjọ́ iṣẹ́ abẹ lọ. Kòlẹ́sẹ̀ ni mo máa ń dì fún un kó lè bo àpá ìpàkọ́ náà, torí ṣùkú á tú u síta.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tẹ̀ ẹ́ gàdàgbà fáwọn òbí àti àwọn nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn alábọ́dé: ọmọ tó ń bì láràárọ̀, tórí ń fọ́, tí ìrìn rẹ̀ yí padà tàbí tójú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dà, kò yẹ kó gba abẹ́rẹ́ ibà ẹlẹ́ẹ̀kẹta kí wọ́n tó yẹ orí rẹ̀ wò. Kíjọba sì fi síkáànì yìí sínú adójútòfò ìlera fún gbogbo ọmọdé. Ilẹ̀ la tà ká tó rówó tiwa san. Ẹni tí kò nílẹ̀ ńkọ́?

Èmi ni,
Ìyá kan, Mókọ́lá, Ìbàdàn.