Sí Àyìndé, lórí ọ̀rọ̀ táyà

Ọ̀rẹ́ mi Àyìndé,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. O kú oríire jíìpù tuntun. Wàá lò ó pẹ́, wàá fi ra òmíràn. O ní o fẹ́ yọ táyà tó bá a wá kí o fi A/T (all-terrain, táyà tó ń rin ọ̀dà àti ilẹ̀ gbágungbàgun) sí i, o wá ní kí n sọ bó ṣe rí fún mi.

Ọdún kẹta rèé tí mo ti ń fi A/T rìn. Èyí tí mo kọ́kọ́ rà, ojú ni mo fi rà á. Mo rí i ràgàjì, eyín rẹ̀ nípọn, n kò bèèrè nǹkan kan. Ìgbà tí wọ́n dè é tán ni mo tó ka ara rẹ̀: LT, Load Range E, táyà àwọn tó ń ru ẹrù wúwo tàbí tó ń fa tírélà. Èmi tí n kì í ru ju àpò irinṣẹ́ kan lọ! Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ le débi pé gegele kékeré á jù mí sókè bí ẹni gun kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ aláìgbọràn. Ọkọ̀ wá ń mu epo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kò sì tètè sáré mọ́.

Ariwo ńkọ́? Níbẹ̀rẹ̀, n kò fẹ́ẹ̀ gbọ́ ọ. Nígbà tí eyín rẹ̀ jẹ dé ìdajì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn bí oyin nínú ihò igi. Mo pààrọ̀ béárìn kan lásán kí n tó mọ̀ pé táyà ni. Ẹ̀bi mi ni: ó yẹ kí n máa gbé ti iwájú sẹ́yìn, ti ẹ̀yìn síwájú, ní nǹkan bí 8,000 kìlómítà, kí wọ́n lè jẹ dọ́gba. Ọ̀lẹ kò jẹ́ kí n ṣe é.

Síbẹ̀, kí n má purọ́ mọ́ ọn. Lórí òkúta wẹ́wẹ́ àti ilẹ̀ tí òjò ti fọ̀, n kì í fòyà mọ́. Nínú iyanrìn ni ìyàlẹ́nu wà. Ọkọ̀ rì mọ́ mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan, bí mo ṣe ń tẹná ló ń gbẹ́ kòtò sí i. Bàbá kan tó ń kọjá ló ní kí n dáwọ́ dúró, kí n tú afẹ́fẹ́ dà sílẹ̀ títí yóò fi ku nǹkan bí 18 psi. Táyà tẹ́ sílẹ̀ bí àtẹ́lẹsẹ̀ ràkúnmí, ọkọ̀ rọra rìn jáde. Ṣùgbọ́n gbàrà tí o bá dé orí ọ̀dà, fẹ́ ẹ padà o. Táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kéré, tí a wá ń fi sáré, á gbóná títí á fi bẹ́.

Ẹrẹ̀ amọ̀ ni apá rẹ̀ kò ká. Amọ̀ á dí àárín eyín rẹ̀, á wá dà bíi táyà tó ti pá. Ẹni tó bá ń gbé inú ẹrẹ̀, M/T, táyà tí wọ́n ṣe fún ẹrẹ̀, ni kó rà, kó sì múra fún ariwo.

O bèèrè nípa yìnyín. Wo ẹ̀gbẹ́ táyà bóyá wàá rí àwòrán òkè onígóńgó mẹ́ta tí èérún yìnyín wà láàárín rẹ̀. Àkọlé M+S (mud and snow, ẹrẹ̀ àti yìnyín) nìkan kò tó.

Èyí tó wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ mi báyìí kì í ṣe LT, ìwọ̀n tí ọkọ̀ bá wá náà ni, 265/70R17. Mo ti fẹ́ fi 285/70R17, tó tóbi jù ú lọ, ṣe fàájì rí, mo wá ṣírò rẹ̀: tí gééjì bá ń pe 100, ọkọ̀ á ti máa sá ju 103 lọ, táyà sì lè máa ha ara ọkọ̀ tí mo bá ṣẹ́ kọ́nà. Mo jáwọ́. Má gbàgbé sípíà o: tí ìwọ̀n rẹ̀ bá yàtọ̀, ó lè ba jíà fóòwíìlì jẹ́.

Kí o tó sanwó, ya fọ́tò ẹ̀gbẹ́ táyà náà ránṣẹ́ sí mi, kí nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn àkọlé DOT tó wà lára rẹ̀ hàn dáadáa. Tí o bá rí 2319, ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Ó ti pẹ́ jù, dá a padà fún wọn.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Àkànní