Omi Dídákẹ́ Rọ́rọ́

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, okun o.

Ẹ ó rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ìsìn ọjọ́ ìsinmi tó kọjá. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa, tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ló jáde wá ka Sáàmù 23. Láti ọjọ́ tó ti ń bá wa jọ́sìn, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa ṣí Bíbélì kà lójú ìjọ. Ẹsẹ kìíní já geere lẹ́nu rẹ̀. Bóyá ó kà á ni o, bóyá ó ti mọ̀ ọ́n sórí ni o, Ọlọ́run ló mọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé ẹsẹ kejì, “omi dídákẹ́ rọ́rọ́” dá a dúró. Ó fi ìka sábẹ́ ọ̀rọ̀ náà. “Dí.” Ó mí. “Dí-dá.” Ó tún mí. Ẹ̀rín bá bú láti ẹ̀yìn.

Ẹ̀rín náà kò pọ̀. Ẹni mẹ́ta, ó pọ̀ jù ẹni mẹ́rin. Mo mọ ìjókòó tó ti wá, mi ò sì ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. (Kì í ṣe àwọn ọ̀dọ́ nìkan o. Mo rí irun funfun níbẹ̀.) Ìyá náà ka ẹsẹ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tán, ó padà lọ jókòó. Àmọ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, nígbà tí kíláàsì ẹ̀kọ́ àgbà pé jọ, àga rẹ̀ ṣófo. Àga àwọn obìnrin méjì tí wọ́n jọ máa ń rìn wá náà ṣófo. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé ọ̀rọ̀ tí mo ti múra sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ yìí tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ṣé ẹ mọ ohun tó gbé ìyá yìí dé kíláàsì? Lọ́dún tó kọjá, ẹnì kan ra iṣu lọ́wọ́ rẹ̀, ó tẹ fóònù títí, ó ní òun ti fi owó ránṣẹ́, pé kí ìyá wo fóònù tirẹ̀, àláàtì á ti wọlé. Fóònù sì dún lóòótọ́. Ìyá wò ó, ó rí lẹ́tà, ó rí nọ́ńbà, ó ní kí wọ́n kó iṣu sínú mọ́tò. Ìgbà tó délé ni ọmọ ọmọ rẹ̀ kà á fún un: ìpolówó dátà ni. Kò sunkún, kò sì bú ẹnikẹ́ni. Ó béèrè lọ́wọ́ ìyàwó mi ọjọ́ wo ni kíláàsì máa ń jókòó.

Ohun tó ń gbé oníkálukú wá nìyẹn. Bàbá kan fẹ́ lè ka ohun tí wọ́n kọ sára ìgò oògùn apakoríko, kó yé fojú wọn ún bí ẹni ń bu òróró sọ́bẹ̀. Káfíńtà wa tó fi ilé ìwé sílẹ̀ ní ìwé mẹ́fà fẹ́ jókòó ṣe NECO. Kò sí èyí tó bá ti eré wá nínú wọn. Láti oko ni wọ́n ń gbà á bọ̀, pẹ̀lú erùpẹ̀ lẹ́sẹ̀, nígbà tí iṣu ń pè wọ́n.

Ẹ sì bá mi rò ó wò: ta ló ń sọ “dídákẹ́ rọ́rọ́” nínú ilé wa? Ẹ̀ka èdè Yàgbà tiwa la fi ń bá ọmọ wí, òun la fi ń náwó lọ́jà, òun la fi ń jà. Yorùbá inú ìwé dà bí èdè kejì fún ìyá tó dàgbà sí abà. Iṣẹ́ méjì ló ń ṣe pọ̀: ó ń kọ́ lẹ́tà, ó tún ń kọ́ èdè tí lẹ́tà ń sọ. Ẹni tó rẹ́rìn-ín lè má ti rò ó dé ibẹ̀.

Àgbàlagbà tó ń kọ́ ìwé kì í sì í ṣe àjèjì nílẹ̀ yìí. Nígbà tí Thomas Titcombe, òyìnbó ajíhìnrere tí àwọn bàbá wa ń pè ní Òyìnbó Ẹ̀gbẹ̀, dé lọ́dún 1908, géńdé ọkùnrin ni, kò sì gbọ́ ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu wa. Ẹnu àwọn ará ibí ló ti kọ́ ọ. Orúkọ rẹ̀ ni ilé ẹ̀kọ́ ńlá tó wà l'Ẹ́gbẹ̀ ń jẹ́ títí dòní, akẹ́kọ̀ọ́ wa ló sì kọ́kọ́ jẹ́. Àwọn tiwa náà tó kọ́kọ́ gba Jésù, ẹni tó ti láya nílé, tó ti bímọ, ló di ìwé ABD mú tó ń pe “a, b, d” lẹ́bàá àtùpà.

Ẹ jẹ́ kí n tú àṣírí ara mi. Mo ti lé díẹ̀ ní àádọ́ta ọdún nígbà tí wọ́n ní ìròyìn ìjọ kò gbọ́dọ̀ jẹ́ àfọwọ́kọ mọ́, pé íméèlì ni ká máa fi ránṣẹ́. Ojú tì mí láti sọ pé mi ò mọ̀ ọ́n lò. Ọmọkùnrin kan ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ni mò ń bẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ó fi ìwé ìpè ìgbéyàwó oníbàárà mìíràn ránṣẹ́ ní orúkọ mi. Àwọn àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí, wọ́n ń bá mi yọ̀, wọ́n ń béèrè aṣọ ẹbí. Ọmọbìnrin kan nínú ẹgbẹ́ akọrin, tó wà ní SS2 nígbà náà, ló wá kọ́ mi. Mo ti fèrèsé, mo fa kọ́tìnì, kí ẹnikẹ́ni má bàa rí pásítọ̀ tí ọmọdé ń kọ́ níwèé. Mo ní kí n tẹ “a” kan, ìka mi wúwo, ogún “a” ló tò jáde. Ọmọ náà kò rẹ́rìn-ín. Ó fi ìka tirẹ̀ hàn mí bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ bà á. Ká ní ó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn ni, òun ni ì bá máa tẹ ìwé tí ẹ̀ ń kà yìí.

Ẹ ka Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 18, láti ẹsẹ 24. Àpólò, ará Alẹkisáńdíríà, mọ̀rọ̀ọ́ sọ, ó sì mọ Ìwé Mímọ́ dáadáa. Síbẹ̀, ìrìbọmi Jòhánù nìkan ló mọ̀. Ó ń fi ìgboyà sọ̀rọ̀ nínú sínágọ́gù Éfésù, Àkúílà àti Pírísílà sì wà níbẹ̀, àwọn tó ń fi àgọ́ pípa jẹun. Wọ́n gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kù sí. Bíbélì kò sọ pé wọ́n fojú sọ̀rọ̀ síra wọn, tàbí pé ẹnì kan wúkọ́. Wọ́n mú un sọ́dọ̀, wọ́n sì là á yé e. Èmi a máa wò ó pé bóyá oúnjẹ gan-an ni Pírísílà kọ́kọ́ gbé fún un, ṣùgbọ́n ìyẹn kò sí nínú ìwé.

Ọjọ́ 8 oṣù kẹsàn-án tó ń bọ̀ yìí ni gbogbo ayé ń rántí ọ̀rọ̀ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà. Ó ti wà bẹ́ẹ̀ láti 1967. Ẹ̀kọ́ àgbà kò sì parí sórí ABD. Ìpele àkọ́kọ́ ṣe déédéé ìwé mẹ́ta, èyí tó tẹ̀ lé e ṣe déédéé ìwé mẹ́fà. Láti ibẹ̀ ènìyàn lè máa bọ̀ títí yóò fi ṣe WAEC tàbí NECO láìwọ yunifọ́ọ̀mù. Ẹni tí ìyẹn bá ti tẹ̀ lọ́wọ́, Yunifásítì NOUN, tí ènìyàn lè máa ti ilé kà, ní ibùdó ní Lọ́kọ́já. Ohun kan tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn: púpọ̀ nínú àwọn tó ń sọ pé ìwé kò wọ orí àwọn mọ́, ojú ló ń yọ wọ́n lẹ́nu. Ojú tó ti kọjá ogójì ọdún kì í fẹ́ rí lẹ́tà kéékèèké nítòsí. Ẹ lọ yẹ ojú wò kí ẹ tó pe ara yín ní olódo.

Èmi àti ìyàwó mi lọ kí ìyá wa lálẹ́ Ọjọ́rú. Bíbélì wà lórí tábìlì, ó fi ìyẹ́ adìẹ sí ojú ewé Sáàmù. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àforíjì lórúkọ ìjọ, ó dá mi dúró. Ó ní òun ò bínú. Ó ní ẹni tó rẹ́rìn-ín ti mọ ọ̀rọ̀ náà kà nìyẹn, kó wá jókòó ti òun, kó pè é, kí òun gbọ́.

Ẹni mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni yín. Gbọ̀ngàn ìjọ ni, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Mo ti sọ fún ìyá pé ẹ ń bọ̀.