Lẹ́tà sí Múní ní Libreville

Àjàṣẹ́, 28 Oṣù Kẹsàn-án

Múní ọ̀rẹ́ mi,

O kú ọjọ́ mẹ́ta o. Àwọn ọmọ ń kọ́, bàbá wọn ń kọ́? Gbogbo wa wà níbí. Ìyá Kúdí ti bímọ, obìnrin ni, orí ẹ̀ sì dà bí ti bàbá ẹ̀ gẹ́lẹ́, má jẹ̀ẹ́ kó gbọ́.

Ṣé o rántí róòsì mi ní ẹ̀yìnkùlé yín, lẹ́bàá kànga, níbi tí Ìyá ti máa ń sá ẹ̀gẹ́? Ìdí mẹ́rìnlá ni tẹ́lẹ̀. Ó ku mẹ́tàlá. Èyí pupa tí o fẹ́ràn yẹn, àfi bó ṣe yọ ẹ̀ka tuntun láti ìsàlẹ̀, ẹ̀ka ń ga fíofío, ewé ẹ̀ tutù yọ̀yọ̀. Inú mi dùn! Mo ń bu ìgbẹ́ adìyẹ sí i, mo ń mú àlejò lọ wò ó. Ìgbà tó máa tanná, òdòdó funfun wẹ́wẹ́, kò tó èékánná àtàǹpàkò. Ẹni tó tà á fún mi rẹ́rìn-ín títí. Ó ní wọ́n lẹ pupa yẹn mọ́ ìdí róòsì mìíràn tó lágbára ni. Ohun tó bá hù nísàlẹ̀ ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́, ti ìdí ni, kí n ti fà á ya láti kékeré. Pupa ti gbẹ. Oṣù márùn-ún ni mo fi bọ́ àlejò tí onílé fi kú sebi.

Àwọn tó kù ń ṣe dáadáa. Ìdí ni mo ń bomi sí báyìí, n kì í wọ́n ọn sórí ewé mọ́, èyí tó bá sì ní àmì dúdú, mo ń já a sun. Ìdájí ni mo ń gé òdòdó, nígbà tí ìrudi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ya ẹnu, inú garawa omi ló ń bọ́ sí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ìbísíkọ́ọ̀sì Ìyá kò ṣeé tà, òní ló ń tanná, ọ̀la ó ti ká. Ṣùgbọ́n ó ń bá mi dá ewúrẹ́ dúró.

Múní, bọ̀dá yín wá ní Jímọ̀ pẹ̀lú ọkùnrin kan tó mú okùn lọ́wọ́. Wọ́n wọn ilẹ̀ láti kànga dé ògiri. Kò sọ nǹkan kan fún mi. Ó kàn bi mí bóyá róòsì ṣeé hú gbìn síbòmíràn, mo bá ń rẹ́rìn-ín bí òmùgọ̀. Èèkàn kan ṣì wà láàárín ìdí méjì títí di òní. Ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta ni, gẹ́gẹ́ bí Ìyá Kúdí ṣe wí.

Ilẹ̀ yín ni, n kò lè jà. Ṣùgbọ́n láàárín oṣù yìí ni mo rẹ́ ẹ̀ka gbogbo wọn, kí wọ́n lè tanná fún ọjọ́ kìíní Oṣù Kọkànlá, tí àwọn Àgùdà ń gbé òdòdó lọ sí ibojì. Mo ti gba àsansílẹ̀ lọ́wọ́ èèyàn mẹ́fà. Mo ti fi san owó ilé ìwé.

Jọ̀ọ́, bá mi pè é. Ìwọ nìkan ló ń gbọ́ tiẹ̀. Kó ṣáà jẹ́ kí ọjọ́ yẹn kọjá. Bó bá bi ọ́ pé ta ló sọ fún ọ, sọ pé ewúrẹ́ ni.

Èmi ni,
Sàlámọ̀