Lẹ́tà sí Bùọ̀dá mi, ní ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá

Bùọ̀dá mi,

Láti àárọ̀ ni wọ́n ti ń lu orin John Lennon ti ẹgbẹ́ Beatles lórí rédíò. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ náà ní òní ni àyájọ́ ọjọ́ tí wọ́n pa á lọ́dún 1980. Mo pa rédíò, mo tún tàn án. Ta ni mo fẹ́ bá sọ ọ́ nínú ilé yìí? Ẹ̀yin nìkan ni mo mọ̀ tí ọ̀rọ̀ yẹn kàn.

Nóòtù yín ti dé ọwọ́ mi. Ó wà nínú ẹrù tí wọ́n kó wá láti Lọ́ńdọ̀nù, láàárín kóòtù méjì. Páálí tí ẹ fi bò ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ já tán, ṣùgbọ́n gbogbo ọjọ́ inú ọdún ṣì wà níbẹ̀, ewé kan fún ọjọ́ kan, pẹ̀lú ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú orin rọ́ọ̀kì ní ọjọ́ náà. Mo ṣí ti òní. Ọdún 1943, wọ́n bí Jim Morrison ní Melbourne, ní Florida. Ọdún 1947, wọ́n bí Gregg Allman ní Nashville. Ọdún 1966, wọ́n bí Sinéad O'Connor ní Dublin. Bírò mìíràn lẹ fi kọ ìyẹn, ó ní láti jẹ́ pé ẹ ti dé ọ̀hún nígbà náà. Nísàlẹ̀ pátápátá, ọdún 2004, Dimebag Darrell, ẹni ọdún 38, tí wọ́n yìnbọn pa lórí pèpéle ní Columbus, ní Ohio, níbi tó ti ń ta gìtá lọ́wọ́. Lẹ́yìn gbogbo ọdún yẹn, ẹ ṣì ń kọ ọ́. Mi ò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ ò sọ fún mi rí.

Ti Lennon ló gba ìdajì ewé náà. Bírò pupa. Ẹ kọ ọ̀sán ọjọ́ náà síbẹ̀, bí Annie Leibovitz ṣe ya fọ́tò rẹ̀ níbi tó ti ká ara jọ mọ́ Yoko Ono ìyàwó rẹ̀, bó ṣe fọwọ́ sí àwo orin tuntun rẹ̀ fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan lẹ́nu ọ̀nà Dakota, ilé tó ń gbé ní New York, tó sì jẹ́ pé ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn náà ló dúró dè é títí di alẹ́. Aago mọ́kànlá alẹ́ ọjọ́ Ajé ò tíì lù tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ti ilé ìgbohùnsílẹ̀ dé. Ìbọn bà á lẹ́ẹ̀mẹrin. Àwọn ọlọ́pàá ò dúró de mọ́tò ilé ìwòsàn, tiwọn ni wọ́n fi sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn Roosevelt. Ẹni ogójì ọdún. Lẹ́yìn náà lẹ kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé náà, wínníwínní: “Ọjọ́ 9 ni tiwa.”

Òótọ́ ni. Ìdájí ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ní Ìbàdàn. Mo kéré, ṣùgbọ́n mo rántí. Rédíò Bàbá lẹ gbé lé orókùn, ẹ jókòó sórí àpótí ní ẹ̀yìnkùlé, BBC ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, omi sì ń dà lójú yín bí ẹni pé wọ́n nà yín. Mi ò tíì rí ọkùnrin tó sunkún bẹ́ẹ̀ rí. Màmá gbé ẹ̀kọ gbígbóná síwájú yín pẹ̀lú àkàrà. Ẹ ò fọwọ́ kàn án. Mo jókòó tì yín, mò ń wo ẹ̀kọ náà títí èéfín rẹ̀ fi tán, títí awọ fi bò ó lójú, mo sì ń rò ó pé bóyá ẹ ó fún mi ní àkàrà yẹn.

Bàbá bọ́ síta. Wọ́n ní, “Ṣé bàbá rẹ ló kú ni? Òyìnbó tí kò mọ̀ pé o wà láyé!”

Ẹ dáhùn láì gbójú sókè. Ẹ ní, “Ó mọ Nàìjíríà, sà.” Ẹ wá ṣàlàyé pé lọ́dún 1969, ó dá àmì ẹ̀yẹ MBE tí Ọbabìnrin fún un padà, ó sì kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé nítorí bí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe tọwọ́ bọ ọ̀rọ̀ Nàìjíríà àti Biafra ni, àti nítorí Vietnam. (Ẹ fo ìdí kẹta tó wà nínú lẹ́tà yẹn, pé orin òun “Cold Turkey” ń lọ sílẹ̀ lórí àtẹ. Inú nóòtù yín ni mo ti ń rí i báyìí.) Bàbá tí wọ́n lọ sójú ogun yẹn, tí wọ́n bọ̀, tí wọn ò sì ya ẹnu sọ nǹkan kan nípa rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni nínú wa, dúró síbẹ̀. Wọ́n dúró pẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n dé fìlà, wọ́n lọ síbi iṣẹ́, wọ́n fi rédíò sílẹ̀ lórí orókùn yín. Rédíò tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn nílé wa!

Èyí ni mo fẹ́ bi yín, Bùọ̀dá. Nígbà tí Bàbá kú, èmi ni mo lọ tò sí NITEL láti pè yín. Mo ti ń wá bí mo ṣe máa sọ ọ́ láti ilé, gbogbo rẹ̀ sá kúrò lórí mi, mo kàn ní, “Bàbá ti sùn o.” Ẹ dákẹ́. Mo ń gbọ́ èémí yín. Mo ń dúró de ẹkún, nítorí mo mọ̀ pé ẹkún wà nínú yín, mo ti rí i. Lẹ́yìn náà lẹ ní, “Ta ni rédíò yẹn wà lọ́wọ́ ẹ̀?”

Rédíò!

Káàdì tán, láìnì já. Ẹ ò wá sin wọ́n. Ẹ ní ìwé yín ò tíì jáde, tí ẹ bá kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù, wọn ò ní jẹ́ kí ẹ wọlé mọ́. Mo gbà. Ṣùgbọ́n wọ́n pe àkọ́bí pé kó wá da erùpẹ̀ àkọ́kọ́, wọ́n pè é lẹ́ẹ̀kejì, gbogbo ojú sì yíjú sí mi. Èmi ni mo bu erùpẹ̀ yẹn. Gbogbo Kérésì tí ẹ bá pè, tí a bá jọ ń rẹ́rìn-ín, tí ẹ bá ń bi mí pé ọmọ ńkọ́, ọjà ńkọ́, ọ̀rọ̀ rédíò yẹn wà lábẹ́ ahọ́n mi. Ẹ ò fi owó jẹ wá níyà, mi ò ní parọ́ mọ́ yín. Oṣù kan kò lọ kí owó Màmá má dé. Ṣùgbọ́n ẹni tó sunkún John Lennon débi pé kò lè jẹun, kí ló ṣe omijé rẹ̀ tí kò kan bàbá tó bí i? Ìgbà mìíràn mo máa ń sọ fún ara mi pé rédíò tí ẹ béèrè yẹn, Bàbá gan-an lẹ ń béèrè. Tó bá di ọjọ́ kejì, inú á tún bí mi.

Màmá ò tíì mọ̀, Bùọ̀dá. Àwọn àgbà ẹbí ní ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ túfọ̀ yín fún wọn. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń béèrè: “Àjàní ò pè?” Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa. Mo ní ẹ wà níbi iṣẹ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá wọn ò gbà, wọ́n ń sunkún bí ọmọdé, ni mo bá fi ohùn tí ẹ rán ní Àjíǹde sí wọn létí, èyí tí ẹ ti kí wọn kú ọdún. Wọ́n fi fóònù náà mọ́ etí ọ̀tún tó ṣì ń gbọ́ràn. Wọ́n dá yín lóhùn. Wọ́n ki yín ní oríkì dé ìdí, wọ́n ní, “Ìwọ lo máa sin mí, Àjàní. Ìwọ lo máa sin mí.” Mo sá lọ sí ilé ìdáná.

Ẹ kọ ọ́ sínú nóòtù yín pé nílé ìwòsàn, lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n pa Lennon, Yoko Ono bẹ dókítà pé kí wọ́n má tíì kéde rẹ̀, kí òun kọ́kọ́ délé sọ fún Sean ọmọ wọn, ọmọ ọdún márùn-ún, kó má baà gbọ́ ọ lórí tẹlifíṣọ̀n. Kò pẹ́ náà ni Howard Cosell, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ eré ìdárayá, kéde rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n níbi tí gbogbo Amẹ́ríkà ti ń wo bọ́ọ̀lù wọn. Ẹ fa ìlà sábẹ́ èyí lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀rù tó ń bà mí nìyẹn gan-an. Ẹnikẹ́ni tó bá kan gèètì, ará ṣọ́ọ̀ṣì ni o, ará àdúgbò ni o, mo ti sáré síta kó tó ya ẹnu pé ẹ kú ọ̀fọ̀. Mi ò ráyè ṣí ṣọ́ọ̀bù mi ní Mọ́kọ́lá mọ́. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru Màmá ti gbówó lórí, oorun wọn ò sì tó nǹkan. Èmi ni mò ń wẹ̀ wọ́n, èmi ni mò ń gbé wọn dìde. Àwọn àbúrò wa ń fi àwòrán ọwọ́ àdúrà ránṣẹ́ lórí WhatsApp.

Bàbá kékeré ní àṣírí yìí ti pẹ́ jù. Àwọn àgbà ń bọ̀ ní Sátidé, wọ́n sì ní èmi ni kí n sọ ọ́, torí èmi ni Màmá gbẹ́kẹ̀ lé. Wọ́n ti fi èyí há mi lọ́wọ́ bí wọ́n ṣe fi erùpẹ̀ yẹn há mi. Mo ti bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ ká ṣe ọdún tuntun tán ná. Wọn ò tíì fèsì.

Àbúrò yín,
Àbẹ̀kẹ́