Ohùn rẹ ni wọ́n fẹ́ rà, ọmọ mi

Àdùnní ọmọ mi,

Ìwé àdéhùn tí o fi ránṣẹ́ ti tẹ̀ mí lọ́wọ́, mo sì ti kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà àkọ́kọ́, ayọ̀ ò jẹ́ kí n rí ohunkóhun nínú rẹ̀ ju orúkọ rẹ lọ. Ọmọ tí mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń di gìtá mú ni ilé-iṣẹ́ agbórinjáde ńlá ń wá kiri báyìí! Nígbà kejì ni mo mú bírò. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni oorun dá lójú mi.

O ní, "Bàámi, ṣé kí n ṣe é àbí kí n má ṣe é?" Má tọwọ́ bọ̀ ọ́ bó ṣe wà yẹn. N kò sọ pé kí o má bá wọn ṣe rárá o.

O mọ orin tí èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi gbà sílẹ̀ nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún 22. Ohun tí n kò sọ fún ọ rí ni ọ̀rọ̀ ìwé tó wà nídìí rẹ̀. Ojú ewé méjì péré ni. Ẹni tó gbé e wá ní gbogbo olórin ló ń tọwọ́ bọ irú rẹ̀. A jẹ gbèsè ohun èlò, owó tó kó sílẹ̀ sì ni à ń wò, a ò wo ìwé. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, mo jókòó nílé, mo gbọ́ ohùn ara mi nínú ìpolówó ọjà lórí tẹlifíṣàn. Ẹnikẹ́ni ò bi mí léèrè. Mo kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ tó gbé wa jáde. Wọn ò sí mọ́, wọ́n ti tà wọ́n fún ẹlòmíràn, ẹni yẹn náà sì ti tà á. Èsì tí mo rí gbà nígbẹ̀yìn kò ju ìlà mẹ́ta lọ: àwọn ló ni orin náà. Èmi ni mo ń kọrin o, Àdùnní, èmi náà ni mo ń ta gìtá, síbẹ̀ mi ò ní àṣẹ lórí rẹ̀. N kò sọ fún ìyá rẹ pàápàá fún oṣù méjì.

Ẹni iwájú tó bá jìn sí kòtò, ó yẹ kó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ̀wé gígùn yìí.

Má rò pé ilé-iṣẹ́ kéékèèké nìkan ni wọ́n ń tà. EMI wà lára àwọn tó tóbi jù láyé, síbẹ̀ ní 2012 wọ́n pín in: àwọn orin tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Universal, ẹ̀tọ́ àwọn tó kọ orin bọ́ sọ́wọ́ àwọn tí Sony ṣáájú fún. Ní 2013, Warner ra ẹ̀ka rẹ̀ kan tó ń jẹ́ Parlophone. Ó wá ku àwọn mẹ́ta yìí: Universal, Sony àti Warner. Ọmọbìnrin tó ń pè ọ́ lójoojúmọ́ láti ilé-iṣẹ́ tó ń wá ọ yìí, tó fẹ́ràn orin rẹ, lè fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, kí ìwọ sì kù sọ́wọ́ ẹni tí kò mọ orúkọ rẹ. Ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé bí òun bá kúrò, ìwọ náà lè kúrò.

Ó di ọ̀rọ̀ owó. Owó àsansílẹ̀ tí wọ́n fẹ́ fún ọ kì í ṣe ẹ̀bùn. Láti inú ìpín tìrẹ nìkan ni wọn yóò ti yọ ọ́ padà. Ká ní wọ́n fún ọ ní 100,000, tí ìpín rẹ sì jẹ́ 20 nínú 100. Orin rẹ gbọ́dọ̀ pa 500,000 wọlé kí ìpín rẹ tó tó ohun tí o jẹ wọ́n. Títí di ọjọ́ yẹn, gbogbo ohun tó wọlé, àpò wọn ló ń lọ. N kò tíì ka owó sítúdíò, owó fídíò àti owó ìpolówó mọ́ ọn o, bẹ́ẹ̀ ojú ewé 11 ní wọn yóò kọ ọ̀pọ̀ rẹ̀ sí ọ lọ́rùn. Ní 1995, àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta tó ń jẹ́ TLC lọ sí kóòtù pé gbèsè ti wọ àwọn lọ́rùn, nígbà tí àwo wọn ń tà ní mílíọ̀nù mílíọ̀nù. Ohun púpọ̀ ló pa pọ̀ di gbèsè wọn, ṣùgbọ́n ìwé àdéhùn wọn wà lára rẹ̀.

Òótọ́ ni pé bí orin ò bá tà, wọn ò ní wá gba owó náà lọ́wọ́ rẹ. Àmọ́ wọn ò ní dá orin padà. Kódà bí o bá san gbèsè náà tán pátápátá, tiwọn ló ṣì jẹ́. Ìwọ̀fà gan-an, bí wọ́n bá ti san owó orí rẹ̀ tán, ilé ló ń lọ.

Orin tí wọ́n gbà sílẹ̀ gan-an, tí wọ́n ń pè ní master, ló ń jà mí lọ́kàn jù. Olórin Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Prince kọ "slave", ìyẹn ẹrú, sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀ nígbà tí òun àti Warner ń jà láàárín ọdún 1990 sí 2000. Ó di 2014 kó tó bá wọn ṣe àdéhùn tí àwọn master rẹ̀ fi padà sọ́wọ́ rẹ̀. Ti Taylor Swift, ilé-iṣẹ́ tó gbé àwo mẹ́fà àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn ní 2019, òun àti master. Ó tún mẹ́rin nínú wọn kọ láti ìbẹ̀rẹ̀, kó tó wá ra gbogbo rẹ̀ padà ní 2025. Ìwọ ò ní irú owó yẹn. Tún wo ojú ewé 19: wọ́n ní o ò gbọdọ̀ tún orin kan náà kọ fún odidi ọdún 15. Wọ́n ti dí ọ̀nà yẹn pa kí o tó mọ̀ pé ọ̀nà wà níbẹ̀.

Àwo márùn-ún tí wọ́n kọ síbẹ̀ ńkọ́? Ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe ìlérí rẹ̀. Mẹ́rin yòókù, àwọn ló lè ní kí o ṣe é tàbí kí o má ṣe é. Ìwọ ò lè sọ bẹ́ẹ̀. Kò sì sí ibi kan tí wọ́n ti ní dandan ni kí àwọn gbé èyí tí o bá ṣe jáde. Wọ́n lè tì í mọ́ àpótí.

Mi ò ní purọ́ fún ọ pé wọn ò wúlò. Wọ́n ní ọ́fíìsì káàkiri ayé, wọ́n mọ àwọn tó ń yan orin fún rédíò àti fíìmù, wọ́n sì lè fi owó ṣòfò lórí olórin mẹ́wàá kí ọ̀kan tó yọrí. Bí ìwọ bá fẹ́ kún pápá ìṣeré ní orílẹ̀-èdè tó o kò dé rí, ó ṣòro kí o dá a ṣe. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń gbọ́ orin rẹ lónìí, ìwọ fúnra rẹ lo kó wọn jọ. Nítorí wọn ni wọ́n ṣe ń pè ọ́. Ohun tí wọ́n fẹ́ rà kì í ṣe nǹkan kékeré, má tà á bí ẹni tí ebi ń pa.

Nítorí náà, sọ fún wọn pé kí wọ́n yá master náà lò fún ọdún 7, kó sì padà sọ́wọ́ rẹ. Ẹ̀tọ́ orin tí o kọ, má fi kún un rárá. Kí wọ́n má mú nínú owó eré tí o bá ṣe lóde. Kí o lè rán oníṣirò owó lọ wo ìwé owó wọn. Wá agbẹjọ́rò tìrẹ, kì í ṣe èyí tí wọ́n bá ọ wá. Èmi yóò san owó rẹ̀, má bá mi jiyàn.

Wọ́n ní ọjọ́ Ẹtì ni ìpinnu. Sọ fún wọn pé o fẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i. Bí wọ́n bá bínú, pè mí lóru, mi ò tíì sùn.

Bàbá rẹ