Ẹ bá wa dá àwọn tó ń fi okùn fa mọ́tò lẹ́kun

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé ọ̀rọ̀ yìí jáde, inú ń bí mi. Lálẹ́ àná, lójú ọ̀nà Kàbà sí Obajana, mọ́tò akérò kan ń fi okùn fa ìkejì rẹ̀. Okùn ọ̀rá tí wọ́n fi ń di ẹrù ni, wọ́n ṣẹ́ ẹ po, wọ́n so ó mọ́ bọ́ńpà. Tẹ̀yìn ò tan iná kankan. Ọlọ́kadà kan rò pé àyè ṣófo láàárín wọn, ó fẹ́ẹ́ gba ibẹ̀ sọdá. Ọpẹ́lọpẹ́ àwọn tó pariwo mọ́ ọn. Èrò sì wà nínú èyí tí wọ́n ń fà o!

Láti ìgbà tí wọ́n ti fi kọnkéré ṣe ọ̀nà yẹn, eré àsápajúdé ni wọ́n ń sá lórí rẹ̀, tòun ti tírélà tó ń lọ tó ń bọ̀. Mọ́tò tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti kú, bẹ́ ẹ bá tẹ bíréèkì rẹ̀ bí ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta, ó ti le gbagidi nìyẹn. Sítíárìn á wúwo; bí wọn ò bá yí kọ́kọ́rọ́, ó lè há pátápátá. Ti ọtọ́máátíìkì tún yàtọ̀: ẹ́ńjìnnì ló ń gbé ọ́ìlì yí inú gíà rẹ̀ ká. Táyà ń yí, ọ́ìlì ò lọ, gíà á jóná, ì báà wà ní fíríì. Irú ìyẹn, kí wọ́n gbé e sórí ọkọ̀ ni.

Àwọn tí ìjọba fi sójú ọ̀nà ńkọ́? Ìwé ọkọ̀ ni wọ́n ń bi wá. Mọ́tò tí wọ́n fi okùn so á kọjá níwájú wọn, wọn ò ní sọ nǹkan kan.

Ọ̀pá irin tí wọ́n á máa fi fa mọ́tò dípò okùn ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. Kí gáréèjì kọ̀ọ̀kan, láti Kàbà dé Mọpa, Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ́, ní èyí tó nípọn, tó ní ìwọ̀ lórí méjèèjì. Kí alága máa yá awakọ̀, kó gba owó ìdúró, kó dá owó padà bí ọ̀pá bá dé. Ọ̀pá ò ní dẹ̀ kó tún já gbì bí okùn, tẹ̀yìn ò sì ní rọ́ lu tiwájú tí ìyẹn bá tẹ bíréèkì. Ojú ìwọ̀ tí wọ́n ṣe mọ́ ara ọkọ̀ ni kí wọ́n fi kọ́, kì í ṣe bọ́ńpà. Kí wọ́n so aṣọ pupa mọ́ ọn láàárín. Kí wọ́n rọra rìn.

Mo tún ń sọ ọ́: okùn, lálẹ́, láìsí iná, pẹ̀lú èrò nínú! Ẹni tí wọ́n bá ká mọ́ ọn, kí wọ́n dá a dúró títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Èmi ni òǹkàwé yín láti Kàbà.